Ojú Òpó Alága Kì í Ṣe Pálọ̀ Ilé Rẹ̀

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọjọ́ ìbí gómìnà ń bọ̀ kò nílò kàlẹ́ńdà. Kó ṣáà ṣí ojú òpó Facebook alága káńsù kan. Yóò bá àwòrán gómìnà níbẹ̀, yóò bá ti alága fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú fìlà abetí ajá, oríkì àti oyè á sì gùn tẹ̀lé e. Bó bá fà á wálẹ̀ díẹ̀, yóò rí "ẹ kú oríire" lórísirísi. Láàárín wọn, yóò rí ẹnì kan tó gbé àwòrán gọ́tà tó dí síbẹ̀, tó ń béèrè ìgbà tí káńsù máa wá kó o. Wọn kì í sábà dá onítọ̀hún lóhùn. Nígbà mìíràn tó bá padà wá béèrè lẹ́ẹ̀kejì, ojú òpó náà kò ní ṣí fún un mọ́.

Nítorí ẹni tó béèrè gọ́tà yìí ni ìwé ìròyìn yìí ṣe dá sí ọ̀rọ̀ náà. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò tọrọ ìrẹsì. Ohun tó yẹ kó lọ béèrè ní káńsù ló béèrè. Ibi tó ti rí alága ló ti béèrè rẹ̀, nítorí pé rírí alága lórí fóònù rọrùn púpọ̀ ju rírí i ní ọ́fíìsì lọ.

Iṣẹ́ tí àfikún kẹrin ìwé òfin ọdún 1999 gbé lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iṣẹ́ tí ojú ń rí tán: ọjà, gáréèjì, itẹ́ òkú, odò ẹran, gọ́tà, ojú ọ̀nà àdúgbò, iná ojú títì, kíkó pàǹtírí, fífún òpópónà lórúkọ, kíkọ orúkọ ọmọ tuntun àti ti olóògbé sílẹ̀. Mínísítà lè sọ pé ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń ṣẹ́ Náírà ju ohun tí mẹ̀kúnnù lè jókòó sílé wò lọ. Alága káńsù kò lè sọ irú ẹ̀ nípa gọ́tà. Ọmọ ilé ìwé tó bá ní fóònù lè yà á láwòrán, kó kọ orúkọ àdúgbò mọ́ ọn, kó sì fi ránṣẹ́ kí ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ tó hó lórí iná. Nínú gbogbo ipò ìjọba tó wà nílẹ̀ yìí, ipò alága àti ti kánsẹ́lọ̀ ni ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ ayélujára bá mu jù lọ. Àwọn gan-an ló sì ń lò ó bí ẹni tó ń ta aṣọ.

Owó tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe kékeré mọ́ báyìí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà dájọ́ pé owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 kò gbọdọ̀ máa gba ọwọ́ gómìnà kọjá mọ́, pé tààrà ni kó máa lọ sọ́dọ̀ káńsù tí aráàlú dìbò yàn. Ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù ní 137 nínú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ yìí. Èkó tún fi káńsù ìdàgbàsókè 37 kún 20 tirẹ̀, èyí ló fà á tí alága fi pé 57 lẹ́yìn ìdìbò ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025. Ìdájọ́ ọ̀hún ṣì ń fa gbọ́nmi-si-omi-ò-to láàárín ìjọba àpapọ̀ àti àwọn ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, ó ti gba àwáwí kan lẹ́nu àwọn alága, pé gómìnà ló kó owó.

Ìbéèrè tó kàn wá ni pé, ta ló ni ojú òpó tí alága ti ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìlú? Ṣé tirẹ̀ ni, tó lè lé ẹni tí kò bá wù ú jáde bó ṣe lè lé àlejò kúrò ní pálọ̀ rẹ̀, àbí ti gbogbo ìlú? A kò tíì gbọ́ kí ilé ẹjọ́ wa dáhùn ìbéèrè náà. Amẹ́ríkà ti gbé e dé iwájú adájọ́, ẹjọ́ ibẹ̀ sì yẹ ní gbígbọ́ dáadáa.

Ọkùnrin kan wà ní ìlú Port Huron ní ìpínlẹ̀ Michigan, James Freed ni orúkọ rẹ̀. Wọn kò dìbò yàn án. Ọ̀gá àwọn òṣìṣẹ́ ìlú ni, ọdún 2014 ló sì gba iṣẹ́ náà. Ó ti ní Facebook látìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé 5,000 tí Facebook kò gba ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sọ ọ́ di ojú òpó tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ohun gbogbo ló ń gbé síbẹ̀: àwòrán ọmọbìnrin rẹ̀, ẹsẹ Bíbélì, àtúnṣe tó ń ṣe sílé rẹ̀. Ó tún ń gbé ìròyìn iṣẹ́ síbẹ̀, bí ìlú ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewé tó wọ́ sílẹ̀, bí wọ́n ṣe ń tún ibi tí wọ́n ti ń fa omi láti adágún Huron ṣe. Nígbà tí àrùn Kòrónà dé, ó ń sọ tìyẹn náà. Ará ìlú kan tí ọ̀nà tí wọ́n gbé e gbà kò tẹ́ lọ́rùn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èsì sábẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí Freed gbé àwòrán òun àti olórí ìlú síbẹ̀, níbi tí wọ́n ti lọ ra oúnjẹ nílé oúnjẹ kan, ọkùnrin náà bọ́ sí i: aráàlú ń jìyà, àwọn aṣáájú ń jẹun nílé oúnjẹ olówó ńlá! Freed kọ́kọ́ ń pa ọ̀rọ̀ rẹ̀ rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, ó blọ́ọ̀kì rẹ̀.

Ẹjọ́ náà rìn títí ó fi dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lórílẹ̀-èdè náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2024, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò, Amy Coney Barrett ló sì kọ ìdájọ́ náà. Wọn kò dá Freed lẹ́bi, wọn kò sì dá a láre. Ohun méjì ni wọ́n ní kí ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ lọ wò. Ṣé ìjọba fún ẹni yìí láṣẹ lóòótọ́ láti máa sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀? Bó bá fún un, ṣé àṣẹ yẹn ló ń lò nígbà tó kọ ohun tó kọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejèèjì, ìjọba ló sọ̀rọ̀, ìjọba kò sì lè pa ẹni tó takò ó lẹ́nu mọ́.

Ibì kan wà nínú ìdájọ́ náà tó yẹ kí àwọn alága wa gé kúrò kí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri. Ilé ẹjọ́ sọ pé ká ní Freed kọ ọ́ sórí ojú òpó rẹ̀ pé tara òun nìkan ni, ì bá ní ààbò tó nípọn. Wọ́n tún fi ìyàtọ̀ hàn láàárín pípa ọ̀rọ̀ kan rẹ́ àti blọ́ọ̀kì. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n pa rẹ́, ohun tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ rẹ̀ nìkan ni adájọ́ yóò gbé yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n blọ́ọ̀kì kan ojú òpó láti òkè délẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó da ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ ìjọ àti ọ̀rọ̀ ìlú pọ̀ sójú kan ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sínú ewu. Ojú òpó ta ni kò rí bẹ́ẹ̀ ní káńsù wa?

Lọ́jọ́ kan náà ni wọ́n gbé ẹjọ́ kejì kalẹ̀, ti Poway ní California. Àwọn tí wọ́n dìbò yàn ló wà nínú tiwọn, ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé ìwé agbègbè náà, Michelle O'Connor-Ratcliff àti T.J. Zane. Òbí méjì kan ló ń da wọ́n láàmú lórí ayélujára nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀yà àti owó. Nígbà kan, wọ́n kọ èsì kan náà sábẹ́ ọ̀rọ̀ 226 tí O'Connor-Ratcliff ti kọ sórí Twitter, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ká sọ òótọ́, èyí lè mú orí ẹni tó ní sùúrù jù lọ gbóná. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà pé ìyọnu tó láti lé wọn jáde. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ náà padà pé kí wọ́n fi ìbéèrè méjèèjì yẹn wọ̀n ọ́n.

Ti Loudoun ní Virginia tún jọ ti ilé wa ju méjèèjì lọ. Phyllis Randall, alága ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso agbègbè náà, ṣí ojú òpó kan lọ́jọ́ tó ku ọ̀la kó bọ́ sórí àga, ó sì fi oyè alága sínú orúkọ rẹ̀. Ní 2016, ẹnì kan kọ ọ̀rọ̀ síbẹ̀ tó fi ẹ̀sùn kan àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Randall lé e jáde. Wákàtí bíi méjìlá péré ló fi lé e, lẹ́yìn náà ó rò ó, ó ṣí i fún un padà. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ ní oṣù Kìíní ọdún 2019 pé wákàtí méjìlá yẹn náà tako òfin.

Ẹ wá jẹ́ ká padà sílé. Ìpín 39 ìwé òfin wa fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbí, ẹni tí alága blọ́ọ̀kì tilẹ̀ lè dúpẹ́, nítorí ohun tó le ju blọ́ọ̀kì lọ wà. Láti ọdún 2015 ni ìpín 24 òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà, àwọn alágbára sì ti fi gbé oníròyìn àti ọ̀dọ́ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá nítorí ọ̀rọ̀ tó ta sí wọn lára. Ilé ẹjọ́ ECOWAS sọ ní oṣù Kẹta ọdún 2022 pé ìpín náà kò bá ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn mu, pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, wọ́n dín ohun tó gbòòrò jù nínú rẹ̀ kù. Kò yẹ kí alága káńsù kankan máa wá inú òfin yẹn nítorí pé ẹnì kan pe gọ́tà ní gọ́tà.

Èyí kò sọ pé kí alága fi ojú òpó sílẹ̀ fún èébú. Ẹni tó ń halẹ̀ pé òun yóò jó ilé ẹnì kan, ẹni tó ń gbé àwòrán ìhòòhò síbẹ̀, oníjìbìtì tó ń fi orúkọ alága gba owó fọ́ọ̀mù iṣẹ́ tí kò sí, kí wọ́n pa ọ̀rọ̀ wọn rẹ́, kí òfin tó wà fún un sì ti wà lókè ojú òpó kí ẹnikẹ́ni tó kọ ohunkóhun. Ẹni tó ní alága kò ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá parọ́, àwòrán iṣẹ́ tó ti parí ni èsì rẹ̀.

Ìlú kékeré kan wà lẹ́bàá Granada ní orílẹ̀-èdè Spain, Jun ni wọ́n ń pè é, bíi 3,500 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀ ní 2015. Olórí ìlú náà nígbà náà, José Antonio Rodríguez Salas, rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n ṣí ojú òpó Twitter, kí wọ́n sì wá sí gbọ̀ngàn ìlú wá fi hàn pé ará ibẹ̀ làwọn lóòótọ́. Òun àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ náà ṣí tiwọn, títí kan ọlọ́pàá, oníṣẹ́ iná àti ẹni tó ń gbá títì. Àwọn olùwádìí láti ilé ẹ̀kọ́ MIT ní Amẹ́ríkà lọ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì kọ nípa rẹ̀ ní 2015. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ará ìlú kan kọ ọ́ pé iná òpópónà òun kò tàn. Alẹ́ ọjọ́ náà ni olórí ìlú dá a lóhùn, ó sì dárúkọ oníṣẹ́ iná tí yóò wá. Lọ́jọ́ kejì, oníṣẹ́ iná gbé àwòrán iná náà síbẹ̀, ó ti ń tàn. Olórí ìlú náà ní ọlọ́pàá mẹ́rin tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ ti di ẹyọ kan.

Ohun tó dára níbẹ̀ kì í ṣe Twitter. Òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ kàn ní orúkọ, gbogbo ìlú rí i nígbà tí wọ́n rán an níṣẹ́, gbogbo ìlú sì rí i nígbà tó jẹ́ ẹ. Ní káńsù tiwa, alága ló ń fọwọ́ sọ́kọ́ nínú gbogbo àwòrán, àfi bí ẹni pé òun nìkan ló gba gbogbo iṣẹ́ káńsù. Orúkọ ẹni tó ń kó gọ́tà kò hàn síbì kankan. Lóòótọ́, Jun kéré. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn tó ju mílíọ̀nù kan lọ sí Alimọ̀ṣọ́ ní Èkó nìkan, kò sì sí alága tó lè máa dá irú èrò bẹ́ẹ̀ lóhùn fúnra rẹ̀. Ìdí rèé tí ó fi yẹ kí kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan ní ojú òpó tirẹ̀ lábẹ́ ti káńsù, kí ẹ̀ka ìmọ́tótó àti ẹ̀ka iṣẹ́ òde ní tiwọn.

Alága tó fẹ́ràn àwòrán tún gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ìlú Newark ní Amẹ́ríkà, nítorí ó dùn, ó sì tún ní egungun nínú. Nígbà tí yìnyín bo ìlú náà lẹ́yìn Kérésìmesì ọdún 2010, olórí ìlú, Cory Booker, ń gba ìpè àwọn ará ìlú lórí Twitter, ó ń gbé ṣọ́bìrì kiri, ó ń kó yìnyín, ó tilẹ̀ gbé ìlédìí ọmọ lọ fún abiyamọ tí yìnyín há mọ́lé. Gbogbo ayé gbọ́, ìyìn sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kọkànlá ọdún kan náà ni ìlú ọ̀hún dá ọlọ́pàá tó ju 160 lọ dúró nítorí owó tí kò tó, ìyẹn kò sì ṣeé fi ṣọ́bìrì kó. Ṣọ́bìrì lọ́wọ́ olórí ìlú wúlò fún ẹni tí yìnyín há mọ́lé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹni tó ń béèrè iye tó wà nínú àpò ìlú kò rí ìdáhùn níbẹ̀.

Owó náà sì ni ibi tí ojú òpó káńsù tiwa ti máa ń dákẹ́ jù. Láti bíi ọdún 2004, nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná, ni ìjọba àpapọ̀ ti ń gbé iye tó kan káńsù kọ̀ọ̀kan jáde. Iye tó wọlé ti wà níta. Èyí tó kù ni bó ṣe jáde. Kí ló ṣòro nínú kí káńsù kọ ọ́ sójú òpó rẹ̀ lóṣooṣù pé báyìí la gbà, báyìí la san fún olùkọ́ àti òṣìṣẹ́, báyìí la fi ra ọ̀dà, orúkọ agbaṣẹ́ṣe rèé, òpópónà tó wà rèé? Òfin ẹ̀tọ́ láti gba ìròyìn ọdún 2011 ti fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dáhùn ẹni tó bá béèrè. Àwọn ìpínlẹ̀ kan jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún pé òfin náà kò kan àwọn, títí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi sọ ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 pé gbogbo ìpele ìjọba ló kàn.

Dípò owó, àwọn tó gba ìrẹsì ni wọ́n ń ṣàfihàn. Opó arúgbó yóò dúró níwájú kámẹ́rà, àpò ìrẹsì tí àwòrán alága wà lára rẹ̀ yóò wà lórí rẹ̀, orúkọ àti àdúgbò rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀ àwòrán. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ẹni ti wà láti ọdún 2023. Kódà bí kò bá sí òfin, ojú ń tini. Àwọn ọmọ opó yẹn wà lórí Facebook náà, àwọn àna rẹ̀ pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ èdè kò gba àlàyé gígùn. Káńsù tí ìyálọ́jà, awakọ̀, bàbá onílé àti alápatà jẹ́ aráàlú rẹ̀ ń fi òyìnbó rẹpẹtẹ kéde ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá. Ó tún sàn kí kánsẹ́lọ̀ fi ohùn ara rẹ̀ sọ ọ́, kó fi ránṣẹ́ sí WhatsApp ẹgbẹ́ onílé àti ti ẹgbẹ́ ọlọ́jà, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wà, wọ́n á sì gbọ́ ọ láìka ìwé. Ohùn kì í jẹ dátà bíi fídíò. Látìgbà tí àjọ NCC ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ohun tí kò ju ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ kún owó wọn, fídíò ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti alága níbi ìsìnkú di ohun tí mẹ̀kúnnù ń fi owó ara rẹ̀ wò.

Ìgbà tí ojú òpó ń gba ẹ̀mí là ni ọjọ́ ewu. Nígbà tí ohun abúgbàù dún ní Bódìjà, Ìbàdàn, lálẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìró rẹ̀ dé ọ̀pọ̀ àdúgbò, onírúurú àhesọ sì ń fò kiri. Lóru ọjọ́ náà ni gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ ọ́ lórí ayélujára pé ìwádìí àkọ́kọ́ fi hàn pé àwọn tó ń wa kùsà láìgbàṣẹ ló kó ohun abúgbàù sínú ilé kan. Ìyẹn ṣẹ́ àhesọ lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n òpópónà tí wọ́n ti dí, ilé ìwòsàn tó ń gba aláìsàn, ibi tí ẹni tí ilé rẹ̀ wó lè sùn, káńsù ló sún mọ́ wọn jù láti sọ. Bákan náà ni odò tó fẹ́ kún. Ìbàdàn kò tíì gbàgbé àgbàrá ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tó pa ènìyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún.

Kí káńsù má sì gbé gbogbo ẹyin rẹ̀ lé ilé iṣẹ́ òkèèrè kan lọ́wọ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2021 títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fi ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò ní ibòmíràn tó ti ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ di odi fún oṣù méje. Ohun tí wọ́n bá gbé sórí ayélujára, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri káńsù àti ti ọjà.

Ọwọ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ ni èyí tó ṣe pàtàkì jù wà, nítorí àwọn ló ń ṣòfin ní káńsù. Kí wọ́n ṣe òfin kékeré kan pé orúkọ káńsù ni ojú òpó iṣẹ́ yóò máa jẹ́, kì í ṣe orúkọ alága. Kí olórí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù, tí kì í bá ìdìbò lọ, ní pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ lọ́wọ́. Kí ojú òpó tí alága ti ń kí ọmọ rẹ̀ kú ọjọ́ ìbí jẹ́ tirẹ̀, kó sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé tòun ni. Bó ṣe wà nísinsìnyí, ọ̀pọ̀ alága tí sáà rẹ̀ parí ló ń gbé ojú òpó lọ pẹ̀lú gbogbo èèyàn tó ń tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn aráàlú tó wà nínú àpótí rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, ẹni tuntun á sì bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Ọdún mẹ́rin ni sáà alága 57 tó wà ní Èkó. Àwọn tó ń gba ipò lọ́wọ́ wọn ní 2029 yóò gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì, mọ́tò, àti òǹtẹ̀. Kí wọ́n béèrè pásíwọ́ọ̀dù pẹ̀lú wọn.